Ọmọ Tí Wọ́n Fẹ́ Rán Wálé



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní ọkùnrin tí wọ́n wí pé obìnrin ni àwọn, tàbí tí a bí ní obìnrin tí wọ́n wí pé ọkùnrin ni àwọn, àti bí ó ti yẹ kí àwọn olùkọ́ máa bá wọn lò. Àwọn kan nínú wa níhìn-ín ní Aisegba yóò béèrè pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá, nítorí pé àgbàlá tí kò ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Manchester kò pọ̀ mọ́ ní Èkìtì, àwọn ọmọ-ọmọ wa sì ni wọ́n jókòó nínú àwọn kíláàsì náà.

Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti inú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, tẹ ìwé kan jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 2017, pé kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, àti pé kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré fi aṣọ ṣeré bí ó ti wù wọ́n. Àwọn òbí kan yìn ín. Àwọn mìíràn bínú gidigidi. Ní December 2023, Ìjọba gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan síwájú àwọn ará ìlú kí wọ́n lè sọ èrò wọn sí i. Ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn mínísítà tí wọ́n gbé e jáde: Kemi Badenoch, ọmọ ilé Adégòkè, tí ó dàgbà ní Èkó. Ìwé náà wí pé kí ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe kánjú yí orúkọ tàbí ìmúra ọmọ padà, àti pé kí a sọ fún àwọn òbí, àfi bí sísọ náà yóò bá fi ọmọ sínú ewu ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yìí sọ́kàn. Ní April 2024 ni Dókítà Hilary Cass, oníṣègùn àwọn ọmọdé, parí ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ó wí pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ó sì kédàárò pé ìjà àwọn àgbà ti há àwọn ọmọ náà mọ́ àárín.

Ohun kan yà mí lẹ́nu bí mo ti ń ka ìròhìn wọ̀nyí. Bí ẹni pé ìdajì ìjà náà dá lórí ọ̀rọ̀ kékeré méjì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọ́ka sí ọkùnrin àti èyí tí ó fi ń tọ́ka sí obìnrin nígbà tí kò bá dárúkọ ènìyàn. Bí olùkọ́ bá lo ọ̀kan, ọmọ bínú. Bí ó bá lo èkejì, òbí bínú. Ní èdè tiwa, ó lọ, ó bọ̀, a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ó bá jù wá lọ, a ó wí pé wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ọjọ́ orí ni ahọ́n wa ń béèrè. Ayọ̀délé ńkọ́, Táíwò, Kẹ́hìndé? Ta ni ó lè gbọ́ orúkọ náà kí ó sọ irú ọmọ tí ó ń jẹ́ ẹ?

Àwa ará Èkìtì sì tún mọ ohun mìíràn. Nígbà tí ọba bá wàjà, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa àti ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ń ṣe adelé. Yóò wọ agbádá, yóò dé fìlà ọkùnrin, kábíyèsí ni a ó sì máa pè é títí a ó fi rí ọba tuntun. Èmi kò wí pé ọ̀kan náà ni, nítorí pé iṣẹ́ ìlú ni ti adelé, ó sì ní òpin. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó ti di ọkùnrin. Mo kàn ń wí pé aṣọ nìkan kò tíì ba ìlú wa jẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n èdè wa kò lè sọ ibi tí ọmọ yóò ti wẹ̀ àti ibi tí yóò sùn. Níbẹ̀, èmi wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ibi ìwẹ̀ àwọn ọmọbìnrin jẹ́ tiwọn, kí a sì wá ilẹ̀kùn mìíràn fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, láìsí ariwo.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àbúrò mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi nípa ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún 14, tí ó ní kí a máa fi orúkọ ọkùnrin pe òun. Ilé-ẹ̀kọ́ pe bàbá àti ìyá, wọ́n sì sọ ohun gbogbo fún wọn. Inú rẹ̀ dùn pé wọn kò fi nǹkan pamọ́, inú sì bí i sí gbólóhùn ewu tí mo mẹ́nu kàn lókè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi tí mo bí i ni ewu?” Nínú ìwé kan náà, ní ìsàlẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n bá òun wá bọ́dìn tí ó le ní Èkìtì, níbi tí wọn yóò ti nà án títí orí rẹ̀ yóò fi pé. Wọn yóò wí fún ọmọ náà pé ọdún Kérésìmesì ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́, mo sì mọ ohun tí yàrá àwọn ọmọ bọ́dìn ń dà lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí èmi kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin kan wà tí ó ń rọra sọ̀rọ̀, tí ó sì mọ irun dì fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ìyàwó ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Àwọn àgbà ọmọ ń mú un fọ aṣọ, wọ́n sì ń mú un jó. Àwọn olùkọ́ kan ń rẹ́rìn-ín. Òun ni ó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì rẹ̀. Ní ọdún kẹta ó lọ sílé fún ìsinmi, a kò sì rí i mọ́.

Mo dá àbúrò mi lóhùn pé ohun tí ìwé Gẹ́nẹ́sísì kọ́ wa nípa akọ àti abo ni mo gbà gbọ́, kò sì yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan fi ọmọ pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá lè jókòó ti ọmọ ni a ṣe ń sọ fún un. Èmi kò ní wá bọ́dìn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, kí wọ́n fi ọjọ́ tí wọn yóò padà han ọmọ náà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Yóò gbé ọ̀dọ̀ mi, ìyá wa yóò sì máa fi orúkọ tí ó sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ pè é, èyí tí tọkùnrin-tobìnrin ń jẹ́.

Kò tíì fèsì. Ìyàwó rẹ̀ ni ó pè mí ní ọjọ́ Sátidé, tí ó béèrè bóyá yàrá ẹ̀yìn ilé mi ṣì ṣófo.