Watt Márùn-ún: Bí A Ṣe Tún Ohùn Gìtá Wa Ṣe ní Atakpamé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún ohun tí ń ti ẹnu ènìyàn jáde àti ohun tí ń ti ara okùn gìtá jáde: ohùn ni a ń pe méjèèjì. Àwọn Faransé tí a ka ìwé wọn yà wọ́n sọ́tọ̀; voix ni ti ènìyàn, son ni ti nǹkan. Láti ìgbà tí a ti ń tọ́jú ampli kékeré ti ẹgbẹ́ olórin ilé-ẹ̀kọ́ wa, ojú tí àwọn baba wa fi wò ó ni a rí pé ó bá iṣẹ́ náà mu jù.

Àpótí kékeré ni ampli náà, a rà á ní àlòkù ní Lomé, ọmọ kan sì lè fi ọwọ́ kan gbé e. Agbára ohùn rẹ̀ kò ju watt 5 lọ. Ìsédò Nangbéto tó wà lórí odò Mono, tí a ṣí ní ọdún 1987, lè pèsè mégawatt 65. Bí a bá pín in ní watt márùn-ún márùn-ún, yóò kan irú rẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́tàlá (kí a má tíì ka èyí tí ẹ̀rọ náà ń fi ṣe ooru lásán, tó pọ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ). Àwọn ọmọ fi í ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, watt 5 tó ti inú àtùpà jáde kì í ṣe ohun ẹ̀rín nínú yàrá ìkàwé. Ó tó láti bo ohùn àgbàlagbà kan mọ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì kó wa sínú iṣẹ́ yìí.

Àtùpà ni a pè é nítorí pé lampe ni àwọn Faransé ń pè é, ó sì ń tàn ní tòótọ́. Ìgò kékeré ni, a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń pọ́n láàárín rẹ̀ bí ẹyinná. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi irin kẹta sí i ní ọdún 1906. Irin kẹta yìí ni ó jẹ́ kí iná kékeré lè máa darí iná ńlá. Ọ̀rọ̀ ìró tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní Kamina, ní ìtòsí ìlú Atakpamé, ni àwọn Jámánì kọ́ ibùdó ìránṣẹ́ aláìlówáyà ńlá tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Ní òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Kì í ṣe àtùpà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ níbẹ̀, iná tí ń ta pàrà ni. Ṣùgbọ́n ogun yẹn kan náà ni ó sọ àtùpà di ohun tí a ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu: láti ọdún 1915 ni àwọn oníṣẹ́ tẹligíráàfù ọmọ-ogun Faransé, lábẹ́ Gustave Ferrié, ti ń lo èyí tí wọ́n pè ní TM.

Nínú ampli tiwa, méjì péré ni àtùpà. ECC83 ń gba ohùn gìtá wọlé, ó ń sọ ọ́ di ńlá. EL84 ni ó ń ti gbohùngbohùn. Nígbà tí a kọ́kọ́ tàn án, kíkùn ni ó ń kùn. Iná mànàmáná wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá ti tò ó sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kíkùn rẹ̀ á di 100. Ẹni tó bá ka solfège mọ̀ pé sol ìsàlẹ̀ gìtá jẹ́ 98. Àlejò tí a kò pè wà nínú gbogbo orin wa nìyẹn, ó ń kọ sol tí kò tilẹ̀ gún régé.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò Gnagna ti gbà láti kọ́ àwọn ọmọ wa ní orin Ọdún Iṣu, tí àwa Ifẹ̀ ń pè ní Odon-Itsu. Kò sí ẹni tí a mọ̀ tí orin yìí yé tó o. Ó jókòó, ó dá orin, ọmọ tó di gìtá mú sì gbè é. Ìyá dákẹ́ lójijì. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ń jẹ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu.” A bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún wa.” Ó ní òun yóò ṣe sùúrù nílé òun, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ti mọ̀wàhù, kí a wá pe òun.

Àwọn ọmọ ní kí a ta á, kí a dáwó ra ampli aláìlátùpà tó tó watt 100. A kò gbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ni, bí ó bá pariwo sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ yé ni. Ẹ wo igbá, igba, ìgbà: lẹ́tà kan náà, ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dò, re, mí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn ni olùgìtá ń tẹ̀ lé nígbà tí ó bá ń gbe orin wa, gẹ́gẹ́ bí onígángan ti ń ṣe. Àtùpà tí a bá sì ti tì kọjá agbára rẹ̀ máa ń gé orí ohùn. Bí okùn méjì bá dún pọ̀, ó ń bí ìró mìíràn tí kò sí lórí gìtá rárá. Àwọn ọmọ fẹ́ràn híhan náà. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn, ó ní orin tí ó yẹ. Orin ìyá yìí kò sí lára wọn.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà, tó ti mọ iṣẹ́ náà láti ayé rédíò alátùpà, ni a gbé e lọ bá. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó kó àwọn ọmọ jọ, ó fi àwọn condensateur ńlá tí ń tọ́jú iná hàn wọ́n. Ó ní iná inú wọn lé ní volt 300, kì í sì í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá pa ẹ̀rọ; a lè yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ó ṣì pa ènìyàn. Ó fi résistance kan tú iná náà dànù díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wò ó títí ó fi di òfo. Nígbà tí ó bá pọn dandan láti wọn nǹkan nígbà tí iná wà, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó wo wa lójú: “Maître, èyí ni kí ẹ kọ́ kọ wọ́n.” Fún odidi Sátidé kan, kò sí ọmọ tó jó òjé, ọwọ́ nínú àpò ni wọ́n kọ́.

Àwọn condensateur ti gbẹ. A pààrọ̀ wọn, ìdajì kíkùn náà sì lọ. Wáyà méjì tí ń gbé iná lọ kí àtùpà gbóná nà lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ohùn. Bàbá lọ́ wọn mọ́ra bí okùn, ó fi résistance méjì, ohm 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, so wọ́n mọ́ ara àpótí irin ní ọgbọọgba. Nígbà náà ni a gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.

EL84 ń jìyà. A wọn iná tó wà lórí rẹ̀: volt 300, mílíámpù 50. Àwọn ọmọ ṣírò rẹ̀ sójú ìwé, watt 15. Watt 12 ni òfin àtùpà yẹn. Abájọ tí ó ń tètè kú! A yọ résistance ohm 150 tó wà ní ìdí rẹ̀, a fi 270 sí i. Ó bọ́ sí mílíámpù 35 ní volt 310, kò pé watt 11. Ohùn dín díẹ̀, etí ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni ti condensateur kékeré kan ní ìdí ECC83. Microfarad 25 ni, ó ń jẹ́ kí gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ kọjá. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá ń mì ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbohùngbohùn kékeré inú àpótí náà kò sì lè gbé irú ìró bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń mí gúlegúle ni. A fi microfarad 1 rọ́pò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ fúyẹ́, àárín yọ jáde, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlù ni ó ni ìsàlẹ̀ nínú orin wa láti ọjọ́ pípẹ́, kí gìtá fi í sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, a rí gbohùngbohùn ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà 30 kan, ohm 8 bíi ti àtijọ́, káfíńtà sì kan àpótí tíìkì fún un. Gbohùngbohùn tó bá fi decibel 3 dára ju èkejì lọ dà bí ìgbà tí a sọ watt di ìlọ́po méjì, láìfi kún iná. Ẹ má ṣe tan ampli alátùpà láìsí gbohùngbohùn lára rẹ̀ o. Transformateur rẹ̀ lè jóná.

Ọ̀rọ̀ ìlù àti gìtá yìí ti pẹ́. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú jùjú ní Nàìjíríà ní ọdún 1949, kì í ṣe kí gìtá lè borí ìlù nìkan. Nítorí pé a ti lè gbọ́ gìtá, àyè ṣí sílẹ̀ láti fi ìlù kún ìlù. Ẹ̀rọ ohùn tí ó bá dára a máa fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí ni a sọ fún ọmọ tó ṣì ń bínú nítorí watt 100 rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. A kò rò pé ó gbà.

A lọ pe Ìyá. Ó wá pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, ó ní kí ọmọ onígìtá kọ́kọ́ dá orin nìkan, láìsí ẹnu. Ó tẹ́tí, ó ní, “Tún un sọ.” Kò ní kí ó tún un lù, ó ní kí ó tún un sọ. Lẹ́yìn èyí ni ó gbà á lẹ́nu gìtá. Orin mẹ́fà ni àwọn ọmọ ti kọ sínú ìwé báyìí, pẹ̀lú àmì ohùn, Ìyá sì ní ó kù.

Àwọn ọmọ méjì ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní gbogbo Sátidé. EL84 tuntun ṣì ń jáde láti Slovakia àti Rọ́ṣíà; a ti ra ọ̀kan pamọ́, ó wà nínú owú nínú àpótí ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó kù ni ihò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn àpótí tíìkì, nítorí ẹ̀rọ náà ṣì ń gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Káfíńtà ní òun yóò gé e kí Ọdún Iṣu tó dé.