Ẹ̀dọ̀ àti Àjogúnbá

Bí ìyá kan ní Kokomlemle, ní ìlú Accra, bá rí i tí ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ di dúdú lára ìlédìí, wọ́n lè wí pé ọwọ́ ìyá náà kò mọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní 1902, Archibald Garrod, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àjogúnbá ni àrùn yìí, alkaptonuria. Ní 1958, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀dọ̀ aláìsàn kan wò: èròjà kan tí í máa fọ́ apá kan oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ nínú ara kò sí níbẹ̀. Ìyókù oúnjẹ a bá ìtọ̀ jáde. Lọ́jọ́ àgbà, a ba oríkèé jẹ́. Baba àti ìyá ni ó jùmọ̀ fi àbùkù yìí fún ọmọ láìmọ̀. Kí ni ìyá nìkan yóò ṣe jẹ̀bi sí?