Ìṣirò Kálórì àti Omi Òkè-Àfá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera lọrọ̀. Nítorí ìlera yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń béèrè iye kálórì tí ara ń ná nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, tí ó bá ń sáré tàbí tí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, gẹ́gẹ́ bí epo ti ń fún mọ́tò lágbára.

Ìṣirò náà kò le. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, kílò kọ̀ọ̀kan nínú ara rẹ̀ ń ná nǹkan bíi kálórì 1 ní wákàtí kan. Ìrìn tó yá díẹ̀ sọ iye yìí di ìlọ́po 3.5, ìlúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 6, ìlúwẹ̀ẹ́ alágbára lè sọ ọ́ di ìlọ́po 9.8. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọn kílò 60, tó sì lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́ fún wákàtí kan, yóò ná 6 lọ́nà 60, èyí tíí ṣe 360. Ní ìdajì wákàtí, ó di 180. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ló rìn fún ìdajì wákàtí náà, 105 péré ni.

Àfojúbù ni gbogbo rẹ̀ ṣá o. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ẹni tó mọ omi í wẹ̀ a máa là á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa bá a jà, a ná agbára púpọ̀, kò sì ní í lọ jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ agbára tó ń tán nínú omi yìí kì í ṣe eré létí omi Òkè-Àfá, ní ẹkùn Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní Ìkẹjà. Àwọn ará ìlú rò pé ogun ti dé. Wọ́n sá àsálà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ewéko ti bo ojú omi Òkè-Àfá, ọ̀pọ̀ sì ṣèbí ilẹ̀ ni. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí àjálù náà pa. Púpọ̀ nínú wọn, àti ìyá àti ọmọ, ló bá omi náà lọ. Òkúta ìrántí wọn wà níbẹ̀ dòní.

Nínú òkùnkùn àti ìtìrora ọ̀pọ̀ èrò, òmùwẹ̀ pàápàá lè kú. Síbẹ̀, Èkó tí omi yí ká kò yẹ kó máa tọ́ ọmọ tó mọ ìṣirò kálórì dunjú, ṣùgbọ́n tí kò lè léfòó fún ìṣẹ́jú kan. Kí olùkọ́ eré ìdárayá kọ́ wọn ní lílé téńté lórí omi kó tó kọ́ wọn ní ìdíje, nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó mọ́, lójú ẹni tó mọṣẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.