Mo Fi Àrá Dẹ́rù Ba Ọmọ Ọmọ Mi

Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lè ba ọmọdé lẹ́rù ju àrá fúnra rẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi.

Oṣù kẹrin ni, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì rìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn ọmọ ọmọ mi wá lo ọlidé Àjíǹde lọ́dọ̀ mi láti Èkó. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ láti apá ìlà oòrùn, ìjì ń fa páànù orí ilé aládùúgbò, ó ń ró gbàgàgbàgà. Mànàmáná kọ, àrá sán. Ni wọ́n bá figbe ta, wọ́n ń sáré kiri pálọ̀. Kàkà kí n pè wọ́n mọ́ra, ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún wa ni mo sọ: "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́! Ṣàngó ń wá olè àti òpùrọ́ kiri." Ilé pa lọ́lọ́. Mo rò pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá ni mo rí i pé wọn ò pé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti bá àbíkẹ́yìn wọn. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di etí, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù. Mílíìkì funfun ṣì wà ní igun ẹnu rẹ̀. Ó ti lá a nínú agolo láàárọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wá gbà pé òun gan-an ni àrá ń wá. "Màmá àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ara mi bù máṣọ. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo nawọ́ sí i, kò gbà á. Èmi tó yẹ kó sá bá ló wá ń sá fún. Ó ń dùn mí títí dòní.

Mi ò ní kí ẹ má sọ ìtàn Ṣàngó fún ọmọ. Ọba Ọ̀yọ́ ni, ìtàn wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ má fi ṣe pàṣán.

Ní báyìí, bí òjò bá ti ń ṣú, màá yọ waya tẹlifíṣọ̀n nídìí iná, àwọn ọmọ á kó aṣọ tí a sá wọlé, wọ́n á gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí ìjì tó dé. Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ dí kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà la ó jókòó sáàárín pálọ̀, jìnnà sí fèrèsé. Mànàmáná bá kọ, a ó máa kà wọ́ọ́rọ́wọ́: ení, èjì, ẹ̀ta. Ojú ẹsẹ̀ la máa ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àmọ́ nǹkan bíi mítà 340 péré ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ka ẹ̀ta kí àrá tó sán, ó jìnnà sí wa tó kìlómítà kan. Ọmọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ló máa ń kéde fún wa: "Màmá àgbà, ó ti kọjá àdúgbò Tákìé!" Ọmọ Èkó tí kò lè ka Yorùbá kọjá ẹ̀wá tẹ́lẹ̀ ti ń kà á dé ogún.

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ìjì a máa gbọn máńgòrò sílẹ̀, àwọn ọmọ a sì fẹ́ sáré lọ ṣà á. Abẹ́ igi wà lára ibi tó léwu jù lọ bí àrá bá ń sán. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí ìṣẹ́jú 30 kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó jáde.