Ìbéèrè Tó Ṣáájú Ẹ̀jẹ̀

Ní Abossey Okai, ní ìlú Accra, ẹni tó mọ òwò ẹ̀yà ọkọ̀ kì í fi orúkọ ọkọ̀ nìkan tajà. Á bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, á sì fi ẹ̀yà tó bàjẹ́ wé tuntun.

Ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí ẹ̀jẹ̀ ní Korle Bu, ilé ìwòsàn ńlá tí kò jìnnà síbẹ̀. Karl Landsteiner ti ṣàlàyé ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ ní 1901: ẹ̀jẹ̀ A lè pa ẹlẹ́jẹ̀ O. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó péye kò ṣàǹfààní bí àpò ẹ̀jẹ̀ bá ṣìnà dé ibùsùn ẹlòmíràn. Kofi ni àwọn Akan ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Ẹtì. Kofi méjì lè wà ní yàrá kan.

"Ṣé ẹ̀yin ni Kofi?" léwu. Aláìsàn tó ti rẹ̀, tó ń bọ̀wọ̀ fún nọ́ọ̀sì, á ní "Bẹ́ẹ̀ ni." "Kí ni orúkọ yín ní kíkún? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?" kò gba irú èsì bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn yìí ni a óò fi wé àkọsílẹ̀ okùn ọrùn-ọwọ́ àti ti àpò ẹ̀jẹ̀; okùn náà ni yóò sì jẹ́rìí fún ẹni tí kò lè fọhùn. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.