Èyí Tó Le Jù Kọ́

Ìtọ̀ ń ta mí bí ẹni fi ata sí i. Kí n tó gbọ̀nà ilé ìwòsàn, mo ti gbé kóró Ampiclox méjì mì, àwọn tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ láti ìgbà tí eyín ń dùn mí. Nígbà tí dókítà wá bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ti lò nílé?" mo ní n kò lo nǹkan kan. Àgbà ń purọ́ fún ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ jù lọ́jọ́ orí.

Dókítà kò yé béèrè. Ṣé ara mi ń gbóná? Ṣé ìhà ń dùn mí? Ṣé pẹnisílìn máa ń yún mi lára? Ó tún ní kí wọ́n gba ìtọ̀ mi fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n wo bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó sú mi. Mo ní, "Dókítà, fún mi ní oògùn tó le jù, kí n máa lọ." Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, èyí tó máa dé ibi tí kòkòrò wà là ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Oògùn apakòkòrò kan wà, nitrofurantoin; inú ìtọ̀ ló ti lágbára. Bí àrùn bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, asán ni. Bí kídìnrín bá sì ti ń kọṣẹ́, kò ní í dé inú ìtọ̀ ọ̀hún dáadáa. Òmíràn, gentamicin, lè ba etí jẹ́. Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ gan-an kì í dúró de èsì àyẹ̀wò: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń pa onírúurú kòkòrò, bí èsì bá dé, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ṣe wẹ́kú. Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé pín àwọn oògùn apakòkòrò wọ̀nyí sọ́nà mẹ́ta; ìpín kẹta, àfi bí ìyókù bá kùnà. Èmi tí mo ń béèrè èyí tó le jù!

Tèmi lè dúró. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan ní làbù gbé àwo pẹlẹbẹ kan sí ìmọ́lẹ̀ fún mi wò. Kòkòrò inú ìtọ̀ mi ti hù bo ojú rẹ̀ bí ojú ẹ̀kọ mímu tó ti tutù. Bébà róbótó-róbótó tí wọ́n rẹ sínú oògùn wà lórí rẹ̀. Yíká nitrofurantoin, ojú àwo mọ́ kedere, ó fẹ̀ bí owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Yíká ampicillin, èyí tó wà nínú Ampiclox, kòkòrò hù dé etí bébà gan-an.

Ọjọ́ náà ni mo tó jẹ́wọ́ fún dókítà. Ọjọ́ méje ni mo fi lo nitrofurantoin, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ ti lò nílé, ẹ má ṣe bíi tèmi.