Ní Ti Iṣẹ́ Àwòrán Yíyà

Bí ènìyàn bá bi wá léèrè iṣẹ́ tí a ń ṣe, tí a sì dáhùn pé àwòrán ni a ń yà, ìbéèrè kejì tí ó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀: "Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo gan-an ni ẹ ń ṣe?" Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí ní Apẹ̀tẹ̀, lẹ́nu onílé wa, lẹ́nu àwọn àna wa, àti lẹ́nu akọ̀wé ilé-ìfowópamọ́ kan tí ó ní kí a kọ orúkọ ọ̀gá wa sínú ìwé. A sọ fún un pé a kò ní ọ̀gá. Ó wò wá títí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò níṣẹ́. A kò bá a jà, nítorí pé ní oṣù náà, díẹ̀ ni ó kù kí ohun tí ó kọ jẹ́ òtítọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí kò tí ì dé Apẹ̀tẹ̀ rí, ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ Poli Ìbàdàn ni ó wà, ní òdìkejì odò Ọ̀nà, odò kan náà tí a sé ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942 kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá ibùgbé ni ó sọ ọ́ di ìgboro. Yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá ni ibi iṣẹ́ wa. Nínú ìwé àwọn òyìnbó ni a ti kà á pé ìmọ́lẹ̀ àríwá ni ó dára jù fún ayàwòrán, nítorí pé oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn tí ó kọ ìwé náà kò gbé Ìbàdàn rí. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí ó bá ti di oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Keje, àríwá gan-an ni oòrùn gbà kọjá lórí wa, a sì ní láti fi aṣọ ta fèrèsé.

Ìyá tí ó bí ìyá wa ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá pé ènìyàn lè fi ọwọ́ ya nǹkan kí ó sì fi í jẹun. Aládìrẹ ni. Ìyẹ́ adìyẹ ni ó fi ń ya ẹ̀kọ láfún sí ojú aṣọ funfun, ibi tí ẹ̀kọ bá sì dé, aró kì í wọ ibẹ̀. Ó máa ń ya Ìbàdàndùn, aṣọ tí a pín ojú rẹ̀ sí àpótí-àpótí, tí a sì ya òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí a ṣí ní 1929, sínú rẹ̀, ti òun ti ṣíbí láàrin òpó. Kì í wo ìwé kankan, kì í sì fi rúlà wọn ohunkóhun. Bí ó bá ti ta aṣọ náà, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè orúkọ ẹni tí ó yà á, òun náà kò sì rò pé ó yẹ kí a béèrè.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n rò pé ó yẹ. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, fi àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó kọ́ ara rẹ̀. Ní 1906 ni ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí títí di òní gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ni ó ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Ó lọ sí London ní 1920, ó padà dé ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ní àwòrán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé-ìròyìn West African Pilot ní 1944, tí ó ń fi lẹ́ẹ̀dì na àwọn aláṣẹ òyìnbó ní ẹgba. "Lash" ni ó ń kọ sí abẹ́ wọn. Orúkọ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n orúkọ ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán inú ìwé jẹun ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ ṣì ọ̀nà Jẹ́ríkò, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kóra jọ sí, lẹ́yìn tí Oxford University Press ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú yìí ní 1949. Olóòtú yóò kó ìwé àfọwọ́kọ fún wa pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí ó ń fẹ́: ojú-ewé kẹrin, ọmọbìnrin kan ń pọn omi, ojú-ewé kẹsàn-án, ajá gbé ẹran sá. A ó fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, a ó gbé e lọ, olóòtú yóò fi bírò pupa tọ́ka sí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ó tún un yà, lẹ́yìn náà ni a ó tó fi tàdáwà tẹ ojú ìlà. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí rò pé yíya ènìyàn ni ó ṣòro. Rárá o. Ohun tí ó ṣòro ni kí ọmọ ojú-ewé kẹrin ṣì jẹ́ ọmọ yẹn kan náà ní ojú-ewé ogójì, kí imú rẹ̀ má ṣe gùn sí i, kí irun rẹ̀ tí ó jẹ́ ṣùkú ní òwúrọ̀ má ṣe di ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ kí ó tó dé ilé-ìwé. Nítorí èyí ni a ṣe máa ń fi àwọn ọmọ wa ṣe àwòkọ́ṣe. Bọ́lá, àkọ́bí wa, tí eyín iwájú rẹ̀ ní èjì, ti pọn omi, ti gun igi, ti ṣàìsàn ibà, ó sì ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọba nínú ìwé mẹ́rin.

Nígbà kan, olóòtú kan dá àwòrán àgbẹ̀ wa padà, ó ní ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Ó fi irú èyí tí ó rí nínú ìwé ilẹ̀ òkèèrè hàn wá, tí igi rẹ̀ ga tó ènìyàn. A ní ọkọ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ kúrú, àgbẹ̀ a sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jiyàn. Ní ọjọ́ kẹrin a ra ọkọ́ ní ọjà, a wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, a sì gbé e ka orí tábìlì rẹ̀ láàrin àwọn ìwé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì gbà fún wa. Ọkọ́ náà wà lẹ́yìn ilé wa títí di òní.

Ní ti owó, iye kan ni a máa ń dá lé àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọn a san ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì kejì a sì pẹ́ tó oṣù mẹ́sàn-án bí oyún. Ìwé náà ìbáà tà ẹgbẹ̀rún, ìbáà tà ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ti ayàwòrán ti tán. A kò rò ó sí nǹkan kan nígbà náà. Ìyá-ìyá wa náà kò rò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, ni òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn tí odò fi kún bo bèbè. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú, omi sì gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀, létí odò, ni yàrá tí a gbà wà nígbà náà. A rí àwọn ọmọ kó jáde, a kò rí àpótí kó. Nínú rẹ̀ ni ojúlówó àwòrán ìwé mẹ́rin wà, àti gbogbo lẹ́tà tí a fi gba iṣẹ́ wọn. Àwọn aládùúgbò wa kan ń wá òkú, nítorí náà a tijú láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé ni àwa ń wá.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí a tó mọ iye tí àpótí náà tó. Àbíkẹ́yìn wa ti ilé-ìwé dé, ó gbé ìwé kíkà tuntun kalẹ̀, ó sì kígbe pé, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi rèé!" Bọ́lá ni lóòótọ́, pẹ̀lú èjì rẹ̀ àti ìkòkò omi rẹ̀. Àwòrán wa ni wọ́n mú láti inú ìwé àtijọ́, wọ́n kun ún ní ọ̀dà, wọ́n sì fi í ṣe èèpo ìwé mìíràn. Kò sí orúkọ wa níbẹ̀. A lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ wa, wọ́n fún wa ní omi tútù, wọ́n sì ní kí a mú ìwé àdéhùn wá. A ní omi ti gbé e lọ. Ọ̀kan nínú wọn wo ìgò omi tí ó wà níwájú wa, ó sì gbójú sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni amòfin kan tó sọ fún wa pé òfin 1988 kò fi ẹ̀tọ́ àwòrán tí a bẹ ènìyàn ní ọwẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́; ti ẹni tí ó yà á ni, àyàfi bí wọ́n bá kọ òmíràn sínú ìwé. Ìwé náà gan-an ni a kò sì ní.

Láti ìgbà náà ni a ti fi ọwọ́ líle mú iṣẹ́ àwòrán ńlá, èyí tí à ń ta fún ẹni tí yóò gbé e kọ́ ògiri. A ń ra pákó ní Bódìjà, a ń na aṣọ lé e, a sì ń fi àtè àti ọ̀dà funfun pa ojú rẹ̀. Ọ̀dà olóròóró ń ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ sì fò sókè nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023. Nígbà òjò, olú a máa hù sí ẹ̀yìn aṣọ. Olùpàtẹ àwòrán ní Èkó ń mú ogójì náírà nínú ọgọ́rùn-ún. A ti kùn sí i, ṣùgbọ́n òun ni ó ń san owó ilé àti iná, àwọn olówó sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ọ̀nà Apẹ̀tẹ̀ lọ. Ìbàdàn ti ní irú ibẹ̀ rí: ní 1961 ni a dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nítòsí Dùgbẹ̀, Uche Okeke àti Demas Nwoko pàtẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀, àwòrán Jacob Lawrence sì ti Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ní 1962. A kò tí ì bí wa nígbà náà. Bí a bá ń gba ibẹ̀ kọjá, a máa ń yíjú wò.

Àwọn ènìyàn máa ń fi Tutu tù wá nínú, àwòrán ọmọ-ọba Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a wá tà ní London ní 2018 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. A máa ń dá wọn lóhùn pé Enwonwu ti kú ní 1994.

Ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ti dé tí ń ya àwòrán bí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ fún un. Olóòtú kan fi ìgbéyàwó tí ẹ̀rọ náà yà hàn wá: onígángan kan wà níbẹ̀ tí ìlù rẹ̀ kò ní okùn awọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ní ìka mẹ́fà. A jọ rẹ́rìn-ín. Ìka náà ti pé márùn-ún báyìí, iṣẹ́ tí ń ti Jẹ́ríkò wá sì ti dín kù.

Inú ipò yìí ni a wà ní ọdún tí ó kọjá nígbà tí iṣẹ́ àwòrán méjìlélọ́gbọ̀n dé, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí ó ní kí a fi gbogbo ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀, fún ìlò gbogbo, ní ibi gbogbo, títí láé. Owó náà tó owó ilé-ìwé. Aya wa ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ ó tún máa bínú ní ọdún mẹ́wàá sí i. Bí ẹ kò bá sì fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí mo máa wí fún ọ̀gá ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé."

A kọ̀wé padà pé a ó yà á, ṣùgbọ́n fún ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ wa nínú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọn kò fèsì. Láàrin rẹ̀ a ya pátákó fún ẹni tí ń ta adìyẹ ní Ìjokòdó, àkùkọ mẹ́ta àti iye owó wọn, a sì gbé owó rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Aya wa kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tí èsì dé, wọ́n gba ohun tí a wí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú owó náà. A fọwọ́ sí i. Bóyá a ṣe é dáradára, èmi àti òun kò tí ì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ìwé náà jáde kí ọdún tó parí. Bọ́lá, tí ó ti ń lọ sí Poli báyìí, ni ó kọ́kọ́ ṣí i, kò wo àwòrán kankan, ẹ̀yìn ojú-ewé àkọ́kọ́ ni ó lọ tààrà. Orúkọ wa wà níbẹ̀. Wọ́n ti fo lẹ́tà kan nínú rẹ̀. A mú tàdáwà, a sì kọ ọ́ kún un nínú ẹ̀dà tiwa.